Ojú Ìwé Yorùbá: Láti Ayé Lẹ́tà Òjé dé Ayé Ìwé Orí Ẹ̀rọ

Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọ ipasẹ̀ ohun méjì tí a máa ń fojú fò nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé. Èkíní ni ojú-ewé tí ó gbé orúkọ ìwé àti ti òǹkọ̀wé. Èkejì ni àwòrán tí ó wà nínú ìwé. Ohun tí ó sún wa dé ìdí ọ̀rọ̀ náà ni iṣẹ́ kan tí púpọ̀ nínú àwa olùkọ́ Yorùbá ti dáwọ́ lé báyìí, èyí nì ni sísọ ìwé wa, àtijọ́ àti tuntun, di ìwé orí ẹ̀rọ tí ènìyàn lè kà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. A ti yẹ púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò. Inú wọn dára; ojú wọn ni kò dára.

Nígbà tí olùkọ́ àgbà kan tí a jọ ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì, ó fi àpótí ìwé kan jíǹkí wa. Ìwé mẹ́ta nínú àpótí náà kò ní èèpo mọ́. A dá méjì mọ̀. Ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ewé 3. Ìtàn ìlú kan ni, èdè inú rẹ̀ dùn, ẹni tí ó kọ ọ́ sì mọ oríkì dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ni? Ọdún wo ni? Níbo ni a ti tẹ̀ ẹ́? A fi han àwọn àgbà mẹ́rin, orúkọ òǹkọ̀wé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sì gbọ́. Títí di ìsinsìnyí a kò lè tọ́ka sí i nínú iṣẹ́ wa bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó kọ ọ́ ṣe iṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ wà, orúkọ rẹ̀ ni kò sí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìwé orí ẹ̀rọ lè mú irú òfò yìí padà wá bá wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èèpo kan lára rẹ̀ tí ó lè ya.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé láti ìwáṣẹ̀ ni ìwé ti ń ní ojú-ewé àkọlé. Bíbélì tí Gutenberg tẹ̀ ní Mainz, ní ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1455, kò ní in rárá. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ ni. Kò sí orúkọ atẹ̀wé, kò sí ọdún. Ní 1457, ní ìlú Mainz kan náà, Johann Fust àti Peter Schöffer tẹ ìwé Sáàmù jáde, wọ́n sì kọ orúkọ ara wọn àti ọjọ́ tí iṣẹ́ parí sí i. Ṣùgbọ́n ìparí ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àṣà àwọn adàwékọ ni èyí: ẹni tí ó bá fi ọwọ́ da ìwé kọ tán ni í sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ ní ìlà ìkẹyìn, bí akéwì ti í dárúkọ ara rẹ̀ kí ó tó dákẹ́.

Kí ni ó wá gbé orúkọ ìwé láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ ajé ni. Ìwé ayé ìgbà náà kì í ní èèpo nígbà tí ó bá ń ti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé bọ̀. Tákàdá lásán ni, tí a ká, tí a tò jọ, tí a ń kó sínú àgbá ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú. Ẹni tí ó rà á ni yóò gbé e lọ fún àwọn tí ń di ìwé pọ̀. Ojú-ewé tí ó wà lókè a máa dọ̀tí, nítorí náà àwọn atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú-ewé kìíní sílẹ̀ lófìfo kí ó lè gba ìdọ̀tí fún ìyókù. Láìpẹ́ wọ́n rí i pé bí òkìtì tákàdá bá pọ̀ ní ilé ìtajà, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tí í ṣe èwo, ni wọ́n bá tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ojú-ewé òfìfo náà. Ní 1476, ní Venice, Erhard Ratdolt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé kàlẹ́ńdà ti Regiomontanus jáde pẹ̀lú ojú-ewé kìíní tí wọ́n fi àwòrán òdòdó yí ká, tí ó ní ọdún, ìlú, àti orúkọ àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí pé ojú-ewé àkọlé ti kọ́kọ́ hàn ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́.

Ẹ ó ṣe àkíyèsí pé ojú-ewé àkọlé ti dàgbà tán kí èèpo ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ó di nǹkan bí ọdún 1820 síwájú kí àwọn òǹtẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó máa fi aṣọ di gbogbo ẹ̀dà ìwé kan pọ̀ lọ́nà kan náà, tí wọ́n sì wá ń tẹ orúkọ àti ọ̀ṣọ́ sára rẹ̀. Nítorí náà, ohun méjì ni ojú-ewé àkọlé àti èèpo ìwé. Ọ̀kan ń jẹ́rìí. Èkejì ń polówó. Ẹni tí ó bá sọ wọ́n di ọ̀kan, ẹlẹ́rìí ni yóò pàdánù.

Ọ̀rọ̀ àwòrán kò gbà wá lákòókò púpọ̀, ṣùgbọ́n kókó kan wà níbẹ̀. Àwòrán orí igi ni ó kọ́kọ́ wọ inú ìwé títẹ̀, ní ọwọ́ Albrecht Pfister ní Bamberg, ní nǹkan bí ọdún 1461. Igi tí a gbẹ́ náà lè ga ṣe déédéé pẹ̀lú lẹ́tà òjé, a sì lè to àwọn méjèèjì pọ̀ kí a tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí àwòrán orí bàbà gba ipò igi, ọ̀ràn yí padà. Inú ihò tí a fín sára bàbà ni yíǹkì ń wà, ẹ̀rọ mìíràn tí agbára rẹ̀ pọ̀ ni ó sì ń fà á jáde. Bí àwòrán ṣe di ojú-ewé ọ̀tọ̀ nìyẹn, tí ẹni tí ń di ìwé pọ̀ yóò wá fi bọ àárín ìwé. Nígbà mìíràn yóò fi bọ ibi tí kò yẹ. Nígbà mìíràn àwọn olè yóò yọ àwòrán lọ tà. Ó di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún kí fọ́tò àti lẹ́tà tó tún lè jọ wà lórí ojú-ewé kan láìsí wàhálà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwòrán tí ó ya kúrò lára ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ èdè wa, ojú-ewé àkọlé ti di dandan, ó sì pa ohun ńlá mọ́ fún wa. Láàárín 1830 sí 1832, John Raban, míṣọ́nnárì CMS ní Sierra Leone, ṣe àwọn ìwé pélébé nípa ọ̀rọ̀ inú èdè wa. Orúkọ tí a fún èdè náà ní ojú-ewé àkọlé wọn ni ‘Eyo’ tàbí ‘Aku’. Ní 1843, ìwé ọ̀rọ̀ tí Samuel Crowther kọ jáde ní London. Ohun tí a rí ní ojú-ewé àkọlé tirẹ̀ ni ‘Yoruba’. Ọdún mọ́kànlá péré ni ó wà láàárín wọn. Ẹni tí ó bá ń wádìí bí orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe di orúkọ gbogbo wa, tí kò sì wo ojú-ewé àkọlé méjèèjì yìí, iṣẹ́ rẹ̀ kò pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859: orúkọ rẹ̀ dá ‘Ẹ̀gbá’ àti ‘Yorùbá’ sọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí sì jẹ́ ẹ̀rí fún òpìtàn.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ tán ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé, òǹkọ̀wé sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Oníṣègùn Obadiah Johnson, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù tún un tò, tí ó fi jáde ní 1921. Orúkọ àwọn méjèèjì wà ní ojú-ewé àkọlé: ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé, èkejì gẹ́gẹ́ bí olótùú. A ti rí ẹ̀dà orí ẹ̀rọ tí ó yọ orúkọ àbúrò sílẹ̀. Ohun tí ẹni tí ó ṣe é rò ni pé àyè orúkọ ẹyọ kan ni ẹ̀rọ fún òun.

Ìwé pélébé ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé tí àwọn ènìyàn wa fúnra wọn tẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún: ìtàn ìlú, orin, ewì, ìwé àdúrà. Iwe Itan Ibadan tí I. B. Akínyẹlé tẹ̀ jáde ní 1911 wà lára àwọn ìwé ìtàn ìlú ayé náà (òun ni ó sì jẹ Olúbàdàn ní 1955). Nítorí àìlówó, tákàdá tí ó nípọn díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé pélébé fi ń ṣe èèpo, èèpo yìí náà ni a sì ń lò bí ojú-ewé àkọlé. Bí èèpo bá ti ya, gbogbo ẹ̀rí bá a lọ. Àwọn ilé ìkàwé pàápàá dá kún un: wọ́n a já èèpo tákàdá dànù kí wọ́n lè fi páálí líle di ìwé náà pọ̀. Ìtọ́jú ni wọ́n pe èyí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àmì ti wọlé. Ìpàdé àkọtọ́ ti wáyé ní Èkó ní 1875, àwọn atẹ̀wé sì ti mọ̀ pé ẹ, ọ àti ṣ gbọ́dọ̀ ní àmì nísàlẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá yẹ àwọn ìwé àtijọ́ wò, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lè ní àmì nígbà tí àkọlé ara èèpo kò ní rárá. Ohun tí ó fà á kò jìnnà. Lẹ́tà kékeré tí a ń tò lójoojúmọ́ ni àwọn ilé ìtẹ̀wé máa ń ra olámì rẹ̀. Lẹ́tà gàdàgbà tí a fi ń tẹ àkọlé wọ́n púpọ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Orúkọ ìwé Yorùbá wá di ibi tí a kì í ti í kọ Yorùbá dáadáa.

Ẹ wo ìwé Fágúnwà tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1938. Bí a bá kọ ọ́ ní ‘Ogboju Ode Ninu Igbo Irunmale’, àwa mọ̀ ọ́n nítorí a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ‘ode’? Ọdẹ ni, òde ni, àbí ọ̀dẹ̀? Kí ni ‘igbo’? Igbó ni àbí Ìgbò? Ọmọ tí a bí sí London tàbí Houston, tí kò tíì gbọ́ orúkọ ìwé náà lẹ́nu ẹnikẹ́ni, lè rò pé ìtàn akíkanjú ọ̀dẹ̀ kan tí ó lọ sí ilẹ̀ Ìgbò ni. Ẹ̀rín ni a fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n a ti bá irú rẹ̀ pàdé nínú ìwé ìdánwò.

Ní báyìí, kí a wá sí orí ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1971, Michael Hart, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, tẹ ìkéde òmìnira orílẹ̀-èdè rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Project Gutenberg. Lẹ́tà ńlá nìkan ni ó fi tẹ̀ ẹ́. Kò sí èèpo, kò sí àwòrán. Àmì 128 péré ni ó wà nínú ASCII, ìlànà tí kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà fi ń kọ lẹ́tà, kò sì sí ẹ, ọ, ṣ níbẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ tiwa, ọgbọ́n tí àwọn kan dá ni kí wọ́n yí àwòrán lẹ́tà mìíràn padà di ẹ tàbí ọ. Bí fáìlì bá dé orí ẹ̀rọ tí kò ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ á dà rú pátápátá. Unicode, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ni ó yanjú èyí. Lónìí ẹ, ọ, ṣ ní àyè tiwọn. A sì lè fi àmì ohùn lé wọn lórí.

Ìlànà tí a fi ń ṣe ìwé orí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ó di EPUB ní 2007, ẹ̀dà kẹta rẹ̀ sì jáde ní 2011. Ọdún 2007 náà ni Amazon gbé Kindle jáde. Àpò ni EPUB jẹ́: ọ̀rọ̀ ìwé wà nínú rẹ̀, àwòrán wà nínú rẹ̀, ìwé kékeré kan sì wà níbẹ̀ tí ó ń sọ fún ẹ̀rọ ohun tí àpò náà gbé. Nítorí náà orúkọ ìwé wà ní ibi mẹ́ta. Ó wà lórí èèpo, tí í ṣe àwòrán. Ó wà ní ojú-ewé àkọlé, tí í ṣe ọ̀rọ̀. Ó sì wà nínú àkọsílẹ̀ inú àpò, èyí tí òǹkàwé kì í rí, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ilé ìkàwé àti ilé ìtajà ń lò.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra. Ayàwòrán ni ó ń ṣe èèpo. Bí àmì ìsàlẹ̀ bá ti fẹ́ kan lẹ́tà ìlà kejì, yóò yọ ọ́ kúrò kí ojú rẹ̀ lè gún. Olùkọ́ ni ó ń tẹ ojú-ewé àkọlé, tirẹ̀ a sì máa dára. Ẹni tí ó ń kánjú ni ó ń kún àkọsílẹ̀ inú àpò, ‘Ogboju Ode’ ni yóò sì kọ síbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn olùṣe kò tilẹ̀ ní ojú-ewé àkọlé mọ́; wọ́n ní èèpo ti tó. Ẹ̀rọ kò sì lè ka ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àwòrán. Ìwé tí ó ní èèpo tí ó rẹwà, tí kò ní ojú-ewé àkọlé, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò péye, kò yàtọ̀ sí ìwé inú àpótí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí à ń ṣe nígbà tí a bá ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ nìyí. A máa ń ṣe èèpo ní píksẹ́lì 2560 ní gígùn àti 1600 ní ìbú, bí Amazon ti dábàá, ṣùgbọ́n a máa ń dín in kù kí ó tó bí èékánná kí a tó gbà á wọlé, nítorí bí yóò ti rí nìyẹn nínú àkójọ ìwé orí fóònù. Bí àmì orí ọ̀ kò bá hàn mọ́, a ó fi lẹ́tà tí ó sanra rọ́pò, a ó sì jẹ́ kí àyè wà láàárín ìlà. A ó ṣe ojú-ewé àkọlé lọ́tọ̀, ní ọ̀rọ̀ gidi, pẹ̀lú olótùú, ìlú àti ọdún. Nínú àkọsílẹ̀, àyè wà fún ju orúkọ ẹnìkan lọ, àti fún ipò tí olúkúlùkù kó. Àbúrò Johnson kò gbọdọ̀ sọnù. A ó kọ ‘yo’ síbi tí ó béèrè èdè. Bí a bá fi ‘en’ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ tí ń kàwé fún àwọn afọ́jú yóò fi imú Gẹ̀ẹ́sì ka Yorùbá, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ohun tí ó ń wí.

Ní ti àwòrán, ojú-ewé ìwé orí ẹ̀rọ kì í dúró lójú kan. Bí òǹkàwé bá mú lẹ́tà tóbi, ohun gbogbo yóò sún. Àwòrán tí a fi ipá kàn mọ́ ibi kan yóò bọ́ sí òdìkejì, àlàyé ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò wà ní ojú-ewé mìíràn, gẹ́gẹ́ bí àwòrán orí bàbà tí ó ṣìnà lọ́wọ́ adìwé. Ẹ rántí pé nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya ni ó ya àwọn àwòrán inú rẹ̀. Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ń ṣàfihàn, ọ̀ṣọ́ lásán ni ó kù. Kí a so àwòrán àti àlàyé rẹ̀ pọ̀, kí a fi wọ́n sáàárín ìpínrọ̀ méjì, kí a sì wọn ìbú rẹ̀ ní ìdá ojú ẹ̀rọ. JPEG dára fún fọ́tò. PNG ni ó tọ́ fún àwòrán aláwọ̀ dúdú òun funfun, nítorí JPEG a máa ba etí ìlà jẹ́. Kí a sì kọ gbólóhùn kan tàbí méjì ní Yorùbá sí ìdí àwòrán kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí kò ríran.

Àṣìṣe kan wà tí a kò lè dákẹ́ lé lórí. Àwọn olùkọ́ kan, nígbà tí àmì ohùn bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, a ya fọ́tò odindi ojú-ewé oríkì tàbí ẹsẹ Ifá, wọn a sì fi sínú ìwé bí àwòrán. Àmì ohùn pé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ kò lè tóbi sí i bí ti ìyókù, a kò lè wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kò sì lè kà á sókè. Lẹ́tà tí ó gba àmì wà lọ́fẹ̀ẹ́. A lè kó o sínú àpò EPUB náà kí ó máa bá ìwé rìn.

Èyí tí ó le jù ni ti àkọtọ́ àtijọ́. Ìwé Isaac Délànọ̀ tí ó jáde ní 1955 ń jẹ́ Aiye d’Aiye Oyinbo. Láti 1974 tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò, ‘ayé’ ni à ń kọ́ ọmọ láti kọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan gbà pé kí a tún orúkọ náà kọ pátápátá nínú ẹ̀dà orí ẹ̀rọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà kọ́ àṣìṣe. A mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀, àwa náà ń máàkì ìdánwò. Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ọn. Ẹ̀rí ìgbà tirẹ̀ ni ojú-ewé àkọlé jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ‘Eyo’ ti Raban ti jẹ́. Kí ojú-ewé àkọlé dúró bí òǹkọ̀wé ti fi í sílẹ̀. EPUB gba ju àkọlé kan lọ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀: kí a fi ti àtijọ́ ṣáájú, kí èyí tí ó ní àkọtọ́ òde òní àti àmì ohùn tẹ̀ lé e, kí ẹni tí ó bá wá èyíkéyìí lè rí i. Ọmọ tí ó bá sì kọ ‘Aiye’ nínú ìwé ìdánwò nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó rí i lára ìwé, a kò rò pé ó yẹ kí a gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ìwé ìtàn ìlú tí ó wà nínú àpótí, a ti sọ ọ́ di ìwé orí ẹ̀rọ, kí ó tó ya tán. EPUB kò gba ìwé tí kò ní àkọlé. Dandan ni kí a kọ nǹkan síbẹ̀. A ṣe bí àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ti ń ṣe: a kọ ‘Ìtàn Ìlú’ sáàárín àmì akámọ́, kí ẹni tí ó bá rí i lè mọ̀ pé àwa ni a sọ ọ́ lórúkọ. Fún èèpo, a ya fọ́tò ojú-ewé 3. A fi àyè orúkọ òǹkọ̀wé sílẹ̀ lófìfo.